Omi Ń Pa Á Ju Òtútù Lọ: Ọ̀rọ̀ Lórí Ẹ̀ka Òdòdó Tí A Gé Gbìn àti Bí A Ṣe Lè Mú Un La Ìgbà Òtútù Já

Òdòdó ni mo wá sọ̀rọ̀ lé lórí. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn á máa rò ó pé kí ni òdòdó já mọ́ fún àwa tí a wá iṣẹ́ wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n bí ẹ ti ń bọ̀ lọ́nà lónìí, ẹ kò lè ṣàì rí òdòdó pupa kan lójú fèrèsé àwọn ènìyàn. Ewé rẹ̀ rí róbótó, ó ní òrùka dúdú díẹ̀ láàárín, bí ẹ bá sì fọwọ́ rà á, òórùn rẹ̀ kì í tètè kúrò lọ́wọ́. Geranium ni wọ́n ń pè é lọ́jà. Àwa tí a ń kọ́ nípa ewéko ń pè é ní pelargonium. Òun náà ni wọ́n máa ń tò pupa rẹ̀rẹ̀ síwájú ààfin Buckingham ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ọmọ Áfíríkà ni.

Lọ́dọọdún ni àwọn ènìyàn wa ń ra òdòdó yìí ní oṣù Karùn-ún, lọ́dọọdún náà ni ó ń kú mọ́ wọn lọ́wọ́ kí ó tó di oṣù Kejìlá, wọ́n á tún lọ ra òmíràn. Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí, nítorí kò sí ìdí kankan tí ó fi yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ó tilẹ̀ gbìyànjú láti gé ẹ̀ka rẹ̀ pamọ́ sínú ilé máa ń sọ fún mi pé òtútù ni ó pa á. Mo ti wo ọ̀pọ̀ ìkòkò bẹ́ẹ̀. Nínú èyí tí ó pọ̀ jù, omi ni ó pa á.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ibi tí ó ti wá. Oríṣi pelargonium tó nǹkan bí 280, Gúúsù Áfíríkà sì ni ìlú ìbílẹ̀ èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn. Ara òkè olókùúta, níbi tí òjò kì í ti í dúró pẹ́ lórí ilẹ̀, ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbé. Nítorí náà ni igi wọn ṣe nípọn tí ó sì tutù nínú: omi ni wọ́n tọ́jú síbẹ̀ de ọjọ́ ọ̀gbẹlẹ̀. Ní 1700, Willem Adriaan van der Stel, tí ó ń ṣe gómìnà fún àwọn ará Hóláńdì ní Cape ní Gúúsù Áfíríkà, fi irú tí a ń pè ní zonale ránṣẹ́ sí ìlú rẹ̀. Nígbà tí Henry Compton, bíṣọ́ọ̀bù London, kú ní 1713, irú kejì tí ń jẹ́ inquinans ti wà nínú ọgbà rẹ̀ ní Fulham, létí odò Thames. Láti ara àwọn méjèèjì yìí ni a ti rí èyí tí ó kún ojú fèrèsé lónìí. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní ìwọ̀-oòrùn London, ọgbà náà ṣì wà níbẹ̀, ẹ lè lọ wò ó.

Ilé àwọn ọlọ́lá nìkan ni irú òdòdó bẹ́ẹ̀ ti lè la ìgbà òtútù já láyé ìgbà náà, nítorí gíláàsì wọ́n. Ìjọba ń gba owó orí lórí gíláàsì ní ilẹ̀ yìí títí di 1845. Nígbà tí wọ́n pa owó orí náà rẹ́, ilé onígíláàsì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀, àwọn olùtọ́jú ọgbà sì rí ibi tí wọ́n lè kó ẹ̀ka òdòdó pamọ́ sí ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Òdòdó ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí wọ́n fi ń ṣe pápá ìgbafẹ́ lọ́ṣọ̀ọ́ nígbà ayé Ọbabìnrin Victoria, ẹ̀ka tí a gé ní ọdún tí ó ṣáájú ni púpọ̀ nínú wọn.

Gígé ẹ̀ka gbìn kì í ṣe nǹkan àjèjì sí wa. Ta ni nínú wa tí ó rí i kí wọ́n gbin irúgbìn ẹ̀gẹ́ sí oko? Igi rẹ̀ ni a ń gé. Igi ewúro ni ìyá wa ń gé tì mọ́ ẹ̀yìnkùlé. Pèrègún àti akòko tí ó di ọgbà yí ojúbọ ká, ẹnì kan ni ó gé wọn rì mọ́lẹ̀. Ti àbámodá tilẹ̀ yàtọ̀: ewé lásán tí ó já bọ́ sílẹ̀, ọmọ ń yọ yí etí rẹ̀ ká. Àgbẹ̀ wa sì ti mọ ìdajì ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí kí n tó gé ẹ̀ka kankan. Bí ó bá kórè ẹ̀gẹ́ nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ti wọlé, tí òjò sì jìnnà, kò ní gé igi ẹ̀gẹ́ wẹ́wẹ́. Á fi wọ́n sílẹ̀ ní gígùn, á kó wọn ró sábẹ́ igi tí ó ní ìbòòji, ojú rẹ̀ á kọjú sókè, á fi ilẹ̀ díẹ̀ bo ìdí rẹ̀. Kò fẹ́ kí ó hù nígbà náà, kò sì fẹ́ kí ó kú. Ó fẹ́ kí ó dúró de òjò. Ohun tí a ń wá fún òdòdó wa láàárín oṣù Kọkànlá sí oṣù Kejì gan-an nìyẹn.

Kí ni ó ń mú kí igi tí a gé ta gbòǹgbò? Ní 1880, Charles Darwin àti Francis ọmọ rẹ̀ tẹ ìwé kan jáde lórí bí ewéko ṣe ń mira. Wọ́n rí i pé ṣóńṣó èéhù koríko ni ó ń mọ ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń bọ̀, síbẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni ó ń tẹ̀. Ó ní láti jẹ́ pé nǹkan kan ń ti òkè lọ jíṣẹ́ nísàlẹ̀. Frits Went ni ó rí nǹkan náà gbà jáde láti inú èéhù ní Utrecht ní 1926. Auxin ni wọ́n ń pè é. Láti orí ẹ̀ka ni ó ti ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìdí. Bí a bá gé ẹ̀ka, ọ̀nà rẹ̀ já. Ó dé ojú ibi tí ọ̀bẹ gbà, kò rí ibi kọjá sí, ó kóra jọ síbẹ̀. Ìkórajọ yẹn ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ó wà nítòsí ń gbọ́, tí wọ́n fi ń pín, tí wọ́n fi ń di gbòǹgbò. Ìyẹ̀fun tí wọ́n ń tà nínú ike kékeré fún àwọn tí ń gé ẹ̀ka, irú nǹkan yìí kan náà ni ó wà nínú rẹ̀, tí a pò mọ́ talc. Pelargonium kò nílò rẹ̀. Èyí tí ó ní lára tó o. Ẹ má fi owó yín ṣòfò.

Ó wá kan iṣẹ́ ọwọ́. Ìparí oṣù Kẹjọ sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án ni àkókò tí ó dára jù, nítorí ilẹ̀ ṣì móoru, ẹ̀ka náà á sì ti ta gbòǹgbò kí òkùnkùn tó dé. Ẹ wá ẹ̀ka tí kò tíì rudi. Bí kò bá sí irú rẹ̀, ẹ já ìrudi àti òdòdó orí rẹ̀ dànù, nítorí òdòdó á máa jẹ oúnjẹ tí ó yẹ kí gbòǹgbò jẹ. Kí ẹ̀ka náà gùn tó sẹ̀ǹtímítà 8 sí 10. Ẹ gé e nísàlẹ̀ oríkèé gan-an, ibi tí ewé ti sọ mọ́ igi, pẹ̀lú ọ̀bẹ tí ó mú ṣáṣá. Ọ̀bẹ tí kò mú máa ń tẹ igi fọ́, ibi tí ó fọ́ ni ìdíbàjẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ já gbogbo ewé ìsàlẹ̀, kí ó ku méjì tàbí mẹ́ta lókè. Àwọn ewé kíkéré tí ó dà bí ìpẹ́ nídìí ọ̀pá ewé, ẹ yọ wọ́n pẹ̀lú. Bí wọ́n bá wọnú ilẹ̀, wọ́n á jẹrà.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣàṣìṣe nìyí: ẹ má tì í bọ ilẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ tẹ́ ẹ sórí tábìlì níbi tí oòrùn kò sí fún wákàtí díẹ̀. Ojú ọgbẹ́ náà á gbẹ, á dì. Ẹ̀ka tí ó kún fún omi bí èyí kò ní kú láàárín ìgbà yẹn, ilẹ̀kùn sì ti tì mọ́ àrùn. Lẹ́yìn náà, ẹ pò ilẹ̀dú mọ́ iyanrìn tí kò kúnná tàbí òkúta wẹ́wẹ́, kí omi lè máa ṣàn gba inú rẹ̀ kọjá. Ìkòkò amọ̀ dára ju ike lọ, nítorí amọ̀ ń mí. Ẹ ti ẹ̀ka mẹ́rin tàbí márùn-ún sí etí ìkòkò kan yípo, kì í ṣe àárín, torí etí ni ilẹ̀ ti ń tètè gbẹ. Ẹ bomi rin ín lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì fi sílẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin, bí ẹ bá fa ewé rẹ̀ díẹ̀ tí kò sì fà tu, ó ti ta gbòǹgbò.

Ẹ má fi ọ̀rá bo pelargonium. Mo tẹnu mọ́ ọn nítorí pé fún òdòdó mìíràn, ìmọ̀ràn mi yàtọ̀. Fuchsia, tí Charles Plumier rí ní erékùṣù Hispaniola tí ó sì kọ nípa rẹ̀ ní 1703, ewé rẹ̀ fẹ́lẹ́, omi ara rẹ̀ ń tètè gbẹ. Èyí ń fẹ́ ọ̀rá lórí títí yóò fi ta gbòǹgbò. Impatiens tí ó ti Ìlà-oòrùn Áfíríkà wá kò tilẹ̀ le: ẹ fi í sínú ife omi lójú fèrèsé, ẹ ó rí gbòǹgbò funfun rẹ̀ láìpẹ́. Ṣùgbọ́n ewé pelargonium ní irun, ọ̀rinrin tí ó bá há sábẹ́ ọ̀rá á lẹ̀ mọ́ irun náà, àrùn olú tí ń jẹ́ Botrytis cinerea á sì bò ó mọ́lẹ̀ pẹ̀lú irun wẹ́wẹ́ aláwọ̀ eérú. Ewé tí ẹ bá rí irú rẹ̀ lára, ẹ já a kúrò lọ́jọ́ náà.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ìgbà òtútù, torí òun ni mo torí ẹ̀ wá. Òtútù lè pa á, n kò sọ pé kò lè pa á. Bí ìrì dídì bá mú un, omi ara rẹ̀ á dì, á ba sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ jẹ́, kò sì sí àtúnṣe. Ṣùgbọ́n níbi tí ìwọ̀n òtútù kò bá ti lọ sílẹ̀ ju 5 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius, tí ilẹ̀ ìkòkò rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, pelargonium lè dúró fún oṣù púpọ̀. Yàrá tí a kì í tan híítà nínú rẹ̀, tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí gúúsù, bá a lára mu ju pálọ̀ tí ó gbóná lọ.

Ìmọ́lẹ̀ ni ọ̀rọ̀ omi náà dá lé. Ní nǹkan bí ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá, ọ̀sán London kò tó wákàtí 8. Ti Èkó lé ní wákàtí 11 àti ààbọ̀ ní ọjọ́ kan náà. Ewéko tí kò rí ìmọ́lẹ̀ kò lè se oúnjẹ, èyí tí kò sì se oúnjẹ kì í fi bẹ́ẹ̀ mu omi. Omi tí a bá dà sí i á kàn jókòó sínú ilẹ̀ ni, á lé afẹ́fẹ́ kúrò, gbòǹgbò kò ní rí nǹkan fi mí. Nínú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni àrùn gbòǹgbò tí ń jẹ́ Pythium ti ń rí ọ̀nà. Inú omi ni irúgbìn àrùn yìí ti ń lúwẹ̀ẹ́ kiri. Ìdí igi á dúdú láti ojú ilẹ̀ lọ sókè, á rọ̀. Ohun tí ó burú jù ni pé nígbà tí gbòǹgbò bá ti jẹrà, kò lè fa omi mọ́, ewé á wá rọ bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ. Olówó rẹ̀ á rí i, àánú á ṣe é, á tún bu omi sí i. Àṣejù baba àṣetẹ́. Ìfẹ́ ni àwọn ènìyàn wa fi ń pa òdòdó wọn, pàápàá àwọn ìyá wa tí kò rọrùn fún láti mọ́kàn kúrò lórí pé ohun tí ó wà nínú ilé gbọ́dọ̀ mu omi lójoojúmọ́.

Nítorí náà, láti oṣù Kọkànlá dé oṣù Kejì, ẹ ki ìka bọ ilẹ̀ kí ẹ tó gbé omi. Bí ọ̀rinrin bá ṣì kan ìka, ẹ padà. Bí ó bá ti gbẹ dé ìsàlẹ̀, ẹ bu ìwọ̀nba díẹ̀ sí i láàárọ̀, sí ilẹ̀, kì í ṣe sórí ewé. Ewé kan tàbí méjì á pọ́n, wọ́n á já bọ́. Ẹ má bẹ̀rù. Ẹ ṣí fèrèsé díẹ̀ lọ́jọ́ tí ojú ọjọ́ bá dára kí afẹ́fẹ́ lè rìn láàárín wọn. Bí fèrèsé náà bá máa ń tutù jù lóru, tí ẹ sì ń fi kọ́tìnì bò ó, ẹ gbé ìkòkò wá sí inú yàrá kí ẹ tó fa kọ́tìnì, kí ó má baà há sí àárín kọ́tìnì àti gíláàsì.

Àwọn kan kò ní ojú fèrèsé tí ó tó. Àwọn àgbà ilẹ̀ yìí àti ti Amẹ́ríkà ní ọgbọ́n kan fún ìyẹn: wọ́n á hú odidi igi rẹ̀, wọ́n á gbọn ilẹ̀ kúrò ní gbòǹgbò, wọ́n á sì so ó kọ́ ní dídorí kodò sínú àjà ilẹ̀ tí ó tutù tí kò sì gbẹ jù. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, wọ́n á rẹ gbòǹgbò rẹ̀ sómi fún wákàtí kan tàbí méjì, wọ́n á tún so ó padà. Ewé á gbẹ dànù, igi á wà láàyè. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ó ń yè, ilé ìgbàlódé tí híítà wà káàkiri kò sì gbà á dáadáa, ẹ̀ka gígé ni mo fara mọ́ jù.

Nígbà tí oṣù Kẹta bá dé, ọ̀sán á ti gùn, ẹ̀ka náà á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ewé tuntun. Ìgbà yẹn ni kí ẹ yà wọ́n, ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ìkòkò tirẹ̀. Ẹ ká orí wọn kí wọ́n lè yọ ẹ̀ka lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí omi wọn sì máa pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún, ẹ máa gbé wọn síta lọ́sàn-án, kí ẹ gbé wọn wọlé lálẹ́, fún bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ní London, ó di ìparí oṣù náà kí ọkàn tó balẹ̀ láti fi wọ́n sùn síta. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní Scotland, ẹ dúró di oṣù Kẹfà. Lára àwọn wọ̀nyí ni kí ẹ ti gé ti ọdún tí ń bọ̀, torí ìyá àtijọ́ á ti le koránkorán, ẹ̀ka rẹ̀ kì í tètè ta gbòǹgbò mọ́.

Ìdí tí mo fi bẹ̀bẹ̀ pé kí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí bọ́ sí ìparí oṣù Kẹjọ nìyí. Igi pelargonium mẹ́ta wà lórí tábìlì yìí, pẹ̀lú ọ̀bẹ, iyanrìn àti ìkòkò. Ẹni tí ó bá fẹ́ gé tirẹ̀, kí ó bọ́ síwájú. A ó máa dáhùn ìbéèrè bí a bá ti ń gé e lọ.