Ẹ Má Jẹ́ Kí Ẹ̀rù Gba Iṣẹ́ Olúwa Lọ́wọ́ Yín

Ẹ̀yin ọmọ mi tó ń jáde ilé ìwé lónìí, ẹ kú oríire.

Ìgbà ò lọ bí òréré, ayé ò lọ bí ọ̀pá ìbọn. Ọmọ kékeré ni yín ní oṣù kẹfà ọdún 2020, àmọ́ ẹ ó rántí bí ìròyìn ìpànìyàn ṣe kó jìnnìjìnnì bá gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé. Kí ilẹ̀ tó ṣú ni ìlú Mọ́níyà wa níbí ti ń tilẹ̀kùn. Èmi tí mò ń kọ́ yín ní Bíbélì, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo máa ń dìde lóru lọ wo ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé. Àdúrà wà lẹ́nu mi, àyà mi sì ń já. Ìyá àgbà tó wà ní yàrá kejì a wá lu ògiri: "Ṣé ẹ wà?" Màá ní, "A wà, Mà." Ibẹ̀ la ó ti jọ gbàdúrà, ògiri láàárín wa, títí oorun yóò fi gbé wa lọ.

Torí náà, mi ò ní sọ fún yín pé onígbàgbọ́ kì í bẹ̀rù. Ohun tí mo ní í sọ ni pé bí ẹ̀rù tilẹ̀ bá yín gbélé, kò gbọdọ̀ gba iṣẹ́ Olúwa lọ́wọ́ yín.

Àwọn kan ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ìjàyè kò jìnnà sí wa níbí. Nígbà tí Ìbàdàn bá Kúrunmí, olórí Ìjàyè, jagun níbẹ̀, láti 1860 sí 1862, ọ̀nà Èkó dí. David Hinderer, ọmọ Jámánì, àti Anna ìyàwó rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ ìhìnrere n'Ìbàdàn láti 1853. Owó ẹyọ tán lọ́wọ́ wọn; ẹrù ilé ni wọ́n ń tà jẹun. Ìjàyè tú, ọ̀nà ò là. Ó di 1865 kí Anna tó ráyè dé Èkó. Síbẹ̀, ìjọ wọn ní Kúdẹtì n'Ìbàdàn ò tú ká.

Ọmọ bí ọdún mẹ́rìnlá ni Samuel Johnson n'Ìbàdàn nígbà tí ogun yẹn bẹ̀rẹ̀. Kò tó yín. Ó di tíṣà, ó di àlùfáà. Ní 1886, nígbà Ogun Kírìjì láàárín Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀, òun àti Charles Phillips ló ń ti bùdó kan bọ́ sí èkejì, tí wọ́n ń gbé ọ̀rọ̀ àlàáfíà kiri, títí tọ̀túntòsì fi tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn. Ọmọ tó dàgbà sínú ogun ló di ìránṣẹ́ àlàáfíà.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ì báà jẹ́ yunifásítì lẹ ń lọ, ì báà jẹ́ ẹnu iṣẹ́ ọwọ́, òru kan ń bọ̀ tí àyà yín yóò já. Ẹ má dá a gbé. Ẹ wá ìjọ kí ẹ tó tú ẹrù yín tán. Ẹ ṣe iṣẹ́ òòjọ́ yín. Bí ẹ ò bá sì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni lu ògiri, ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́kọ́ lù ú.

Ẹ lọ ire, ẹ bọ̀ ire. Mọ́níyà ń retí yín.