Ẹgbẹ́ NEPU àti Ìjàǹgbara Àwọn Tálákà ní Òkè Ọya

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ti mọ́ èdè Yorùbá lára dé ibi pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kò rántí mọ́ pé ọ̀rọ̀ àyálò ni. Ọ̀rọ̀ náà ni tálákà. Ọ̀dọ̀ àwọn Hausa ni Yorùbá ti yá a. Lẹ́nu Yorùbá, tálákà ni ẹni tí kò ní owó lọ́wọ́, ẹni tí ìṣẹ́ ń ṣẹ́. Ṣùgbọ́n lẹ́nu àwọn tí ó ni ọ̀rọ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Talaka ní ilẹ̀ Hausa ni ẹnikẹ́ni tí kì í ṣe ọmọ ọba, tí kò sì joyè. Ìbáà ṣe oníṣòwò tí ó ní ràkúnmí àti ilé púpọ̀, bí kò bá ti sí oyè lórí rẹ̀, talaka ni. Àwọn sarakuna, èyí ni àwọn ọba àti ìjòyè, ni wọ́n ń pàṣẹ. Àwọn talakawa ni wọ́n ń gbọ́ àṣẹ. Ní ọdún 1950, àwọn ọ̀dọ́ kan ní ìlú Kánò gbé ọ̀rọ̀ yìí nílẹ̀, wọ́n sì fi dá ẹgbẹ́ òṣèlú sílẹ̀.

Ẹgbẹ́ náà ni Northern Elements Progressive Union, tí gbogbo ayé mọ̀ sí NEPU. Kò lò ju ọdún 16 lọ. Kò ṣe ìjọba rí ní Òkè Ọya, bẹ́ẹ̀ ni kò jẹ́ ẹgbẹ́ ńlá nínú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin kankan. Nínú ìdìbò ọdún 1959, ìjókòó 8 péré ni òun àti àwọn tí ó bá a mulẹ̀ rí gbà nínú 174 tí ó jẹ́ ti Òkè Ọya ní Èkó. Bí ó bá ṣe pé kíka ìjókòó nìkan ni a fi ń mọ iyì ẹgbẹ́ òṣèlú, ìtàn NEPU kò ní gbà ju ìlà mẹ́ta lọ nínú ìwé. Kí ni ẹgbẹ́ tí kò borí rí ṣe tí ó fi yẹ kí olùkọ́ máa fi kọ́ ọmọ? Ìbéèrè tí ètò ti òní ń fẹ́ dáhùn nìyẹn.

Ẹni tí yóò mọ ìdí ìjà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ bí ilé ti rí kí ìjà tó dé. Ní ọdún 1903 ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun Kánò àti Sókótó. Lugard tí ó jẹ́ olórí wọn kò wó ààfin. Ó fi ọba sílẹ̀ lórí ìtẹ́, ó sì fi òyìnbó kan sí ẹ̀yìn rẹ̀ láti máa tọ́ ọ sọ́nà. Láti ìgbà náà ni agbára Ẹ́míà ti wá pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, nítorí pé ìbọn òyìnbó ni ó ń ṣọ́ ìtẹ́ rẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀, tí wọ́n ń pè ní N.A., ni ó ń gba owó orí. Òun ni ó ń yan adájọ́. Òun ni ó ni àwọn dóńgárì tí ń mú ènìyàn, òun náà ni ó sì ni ẹ̀wọ̀n tí a ń mú wọn lọ. Talaka tí ó bá ní ẹ̀sùn sí ọba tàbí ìjòyè, iwájú ẹni tí ọba yàn ni yóò ti rò ó.

Kì í ṣe pé NEPU ni ó kọ́kọ́ lahùn. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni àwọn bíi Raji Abdallah àti Abubakar Zukogi ti dá ẹgbẹ́ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ NEPA sílẹ̀ ní Kánò. Raji Abdallah yìí kan náà wà nínú ẹgbẹ́ àwọn Zikist, àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n fẹ́ kí òyìnbó káńgárá rẹ̀ kíá. Ìjọba jù ú sí ẹ̀wọ̀n, nígbà tí ó sì di oṣù kẹrin ọdún 1950, wọ́n fi òfin de ẹgbẹ́ Zikist pátápátá. Ní àkókò yìí, ẹgbẹ́ mìíràn ti wà ní Kàdúná, Jam'iyyar Mutanen Arewa, tí ó wá di ẹgbẹ́ òṣèlú NPC lẹ́yìn náà. Òṣìṣẹ́ ìjọba àti ti N.A. ni ó pọ̀ jù níbẹ̀. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni kí àtúnṣe máa wáyé díẹ̀díẹ̀, kí ọba má bínú. Àwọn ọ̀dọ́ kan wò ó pé ẹni tí ń jẹ nínú àwo ọba kò lè sọ fún ọba pé oúnjẹ náà kì í ṣe tirẹ̀. Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹjọ ọdún 1950, ènìyàn mẹ́jọ dá NEPU sílẹ̀ ní Kánò. Lára wọn ni Abba Maikwaru, Magaji Danbatta, Mudi Spikin àti Bello Ijumu. Ẹ ṣàkíyèsí orúkọ ìkẹyìn yìí: Ìjùmú, ní ilẹ̀ Yorùbá ti apá Kàbà, ni orúkọ náà ń tọ́ka sí. Láti ilẹ̀ ni ìjà náà kì í ti í ṣe ti ẹ̀yà kan ṣoṣo.

Ìkéde tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ni a ń pè ní Ìkéde Sawaba. Ìtumọ̀ sawaba ni ìdẹ̀ra tàbí ìtúsílẹ̀. Kókó ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò ju mẹ́ta lọ. Èkíní ni pé ìyà tí ń jẹ àwọn ènìyàn Òkè Ọya kò ti ọ̀dọ̀ Ọlọ́run wá; ètò ìjọba N.A. tí òyìnbó gbè lẹ́yìn ni ó fà á. Èkejì ni pé ìjà wà láàrin àwọn tí ètò yìí ń bọ́ àti àwọn tí ń bọ́ ètò náà, ìjà yìí kò sì lè parí àfi bí a bá yí ètò padà. Ẹ̀kẹta ni pé àwọn talakawa fúnra wọn ni yóò gba ara wọn sílẹ̀. Ẹni tí ó ti ka ìwé àwọn ajìjàǹgbara òṣìṣẹ́ ilẹ̀ Yúróòpù yóò mọ ibi tí irú èrò bẹ́ẹ̀ ti ṣẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ Kánò kò gbé e kalẹ̀ bí ẹrù àjèjì. Ọ̀rọ̀ tí àgbẹ̀ àti aránṣọ ti mọ̀ láti kékeré ni wọ́n fi wọ̀ ọ́ láṣọ.

Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wá bo ti gbogbo wọn mọ́lẹ̀ ni Malam Aminu Kano. Olùkọ́ ni. Ọdún 1920 ni a bí i, ní ìdílé àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn àti adájọ́ ní Kánò. Ó kọ́ ọmọ ní ilé-ìwé ní Bauchi, níbi tí òun àti Abubakar Tafawa Balewa ti jọ ṣiṣẹ́ olùkọ́, tí ó sì ti rí akéwì náà, Sa'adu Zungur, tí ó la ojú rẹ̀ sí ọ̀rọ̀ ìlú. Ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti kọ́ sí i nípa iṣẹ́ olùkọ́, ó padà dé, ó sì wà lára àwọn tí ó dá ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ Òkè Ọya sílẹ̀. Iṣẹ́ ìjọba wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀nà sì là níwájú rẹ̀. Ní ìparí ọdún 1950, ó kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó wọ NEPU. Balewa gba ọ̀nà tirẹ̀, ó di olórí ìjọba Nàìjíríà. Ẹni méjì tí wọ́n jọ mú ṣọ́ọ̀kì ní ilé-ìwé kan náà ni wọ́n wá kọjú síra wọn lórí ìbéèrè kan: ṣé kí a tún ilé ṣe ni, àbí kí a tún ìpìlẹ̀ rẹ̀ fi lélẹ̀?

Báwo ni ẹgbẹ́ tí kò lówó ṣe tan èrò rẹ̀ kálẹ̀? Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà kì í ṣe ọlọ́lá: aránṣọ, alápatà, aláró, oníṣòwò kéékèèké àti akọ̀wé kéékèèké ni wọ́n. Ṣọ́ọ̀bù aránṣọ ni ilé ìpàdé, orin àti ewì Hausa ni ìwé ìròyìn fún ẹni tí kò mọ̀wé. Aminu Kano fúnra rẹ̀ jẹ́ ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ Ìsìláàmù. Nígbà tí àwọn alátakò ń sọ pé aláìgbàgbọ́ ni ọmọ NEPU, inú ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn ni ó ti ń fa ìdáhùn yọ: pé ìdájọ́ òdodo jẹ́ àṣẹ Ọlọ́run, kò sì sí ibi tí a ti pa á láṣẹ pé kí ọba máa rẹ́ mẹ̀kúnnù jẹ.

Àwọn obìnrin pẹ̀lú kò gbẹ́yìn. Hajiya Gambo Sawaba, tí a bí ní Zaria ní ọdún 1933, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ó rìnrìn àjò wá sí Abẹ́òkúta láti wá rí Ìyáàfin Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, ẹni tí ìjà rẹ̀ lórí owó orí àwọn obìnrin Ẹ̀gbá ti mi ààfin tìtì. Nígbà tí ó padà, ó ń wọ agbo ilé lọ bá àwọn obìnrin tí wọ́n wà ní ẹ̀hà, ó ń sọ fún wọn pé wọ́n ní ẹ̀tọ́ láti dìbò àti láti kàwé. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rìndínlógún ni wọ́n jù ú sí ẹ̀wọ̀n. Kò sinmi títí tí ó fi di olóògbé ní ọdún 2001.

Kí ni kò jẹ́ kí NEPU borí nígbà náà? Ìdí mẹ́rin ni ó hàn gbangba. Èkíní ni bí a ti ṣètò ìdìbò. Ní ọdún 1951, kì í ṣe pé ènìyàn dìbò fún aṣòfin tààrà. Àdúgbò yóò yan àwọn kan, àwọn náà yóò yan àwọn mìíràn, títí yóò fi dé òkè. NEPU ṣe dáadáa ní ìpele ìsàlẹ̀ ní ìgboro Kánò, ṣùgbọ́n bí àkàsọ̀ ti ń ga ni ọwọ́ N.A. ń lágbára sí i, àwọn tí mẹ̀kúnnù yàn kò sì dé òkè. Èkejì ni ilé-ẹjọ́: ọmọ ẹgbẹ́ tí ó bá sọ̀rọ̀ tó le, adájọ́ tí ọba yàn ni yóò rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n. Ẹ̀kẹta ni pé ìdajì àwọn ènìyàn Òkè Ọya kò lè dìbò rárá, nítorí pé obìnrin ni wọ́n. Nígbà tí àwọn obìnrin Gúúsù ń dìbò ní 1959, ti Òkè Ọya kò rí bẹ́ẹ̀.

Ìdí kẹrin wá láti inú ilé. Ọwọ́ kan kò gbé igbá dé orí. Nítorí náà ni NEPU ṣe bá NCNC ti Azikiwe mulẹ̀ ní ọdún 1954. Owó àti ohùn ní Èkó ni ó rí gbà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn NPC rí ohun tí wọ́n yóò máa sọ: wọ́n ní ẹgbẹ́ yìí ti ta Òkè Ọya fún àwọn ará Gúúsù. Lẹ́yìn ìdìbò 1959, ọ̀rọ̀ náà wá di ìdààmú. NCNC bá NPC dá ìjọba àpapọ̀ sílẹ̀. Aminu Kano, tí ó wọlé láti Ìlà-Oòrùn Kánò, wá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ìjọba ní Èkó, nígbà tí àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ ṣì ń lọ sí ẹ̀wọ̀n NPC nílé. Ẹsẹ̀ kan wà nínú ilé, ẹsẹ̀ kan wà lóde. Ní ọdún 1961, ìjókòó kan ṣoṣo ni NEPU rí gbà nínú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Òkè Ọya.

Àwọn kan wà tí wọ́n ń sọ pé èyí fi hàn pé ìjà náà kò ní láárí. Wọ́n ní ọmọ ìdílé ńlá ni Aminu Kano fúnra rẹ̀, ó sì tún ṣiṣẹ́ kọmíṣánnà lábẹ́ ìjọba ológun láti ọdún 1967. Ẹ̀sùn yìí kò ṣe é fọwọ́ rọ́ tì. Ẹni tí ó bá ní òun ń jà fún mẹ̀kúnnù gbọ́dọ̀ jẹ́ kí a wo ibi tí ó jókòó sí. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a wo apá kejì pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ tí NEPU sọ kò dúró sí Kánò. Ní Ìlọrin, níbi tí àwọn Yorùbá wà lábẹ́ ètò N.A. kan náà, ẹgbẹ́ kan dìde tí ó ń jẹ́ Ìlọrin Tálákà Parapọ̀. Action Group ni ó bá rìn, kì í ṣe NEPU; síbẹ̀ ọ̀rọ̀ kan náà ni ó fi ṣe orúkọ. Lẹ́yìn ìdìbò ọdún 1956, ó gba àkóso ìgbìmọ̀ ìlú náà fún ìgbà díẹ̀ kí ìjọba Kàdúná tó tú ìgbìmọ̀ náà ká. Níbi tí ọ̀rọ̀ tálákà ti jẹ́ orúkọ ìtìjú tẹ́lẹ̀, ó di àsíá.

Bí a bá da omi síwájú, a óò tẹ ilẹ̀ tútù. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1966, ìjọba ológun fi òfin de gbogbo ẹgbẹ́ òṣèlú, NEPU sì parí. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1976, ìjọba ológun kan fún àwọn obìnrin Òkè Ọya ní ẹ̀tọ́ ìdìbò, ohun tí Gambo Sawaba ti tìtorí rẹ̀ ṣẹ̀wọ̀n. Nígbà tí òṣèlú tún dé, Aminu Kano dá ẹgbẹ́ PRP sílẹ̀. Ní 1979, PRP gba ipò gómìnà ní Kánò àti Kàdúná, àwọn gómìnà náà, Abubakar Rimi àti Balarabe Musa, sì fagi lé haraji àti jangali, owó orí ènìyàn àti owó orí màlúù tí talaka ti ń san láti ayé òyìnbó. Èyí kò mú ìṣòro kúrò. Àwọn aṣòfin NPN tí wọ́n pọ̀ jù ní Kàdúná yọ Balarabe Musa nípò ní oṣù kẹfà ọdún 1981, PRP fúnra rẹ̀ sì pín sí méjì, Aminu Kano ní apá kan, àwọn gómìnà ní apá kejì. Ní oṣù kẹrin ọdún 1983 ni Malam náà kú. Kò kó ọrọ̀ jọ.

Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ohun tí ìtàn NEPU ń kọ́ni kò ju pé ẹgbẹ́ lè pàdánù ìdìbò kí ó sì yí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ padà lẹ́nu àwọn ènìyàn. Kí NEPU tó dé, bí a bá bi àgbẹ̀ kan ní Kánò pé ta ni ó, yóò ní talaka ni òun, yóò sì tẹrí ba. Lẹ́yìn NEPU, ó lè sọ ohun kan náà kí ó gbé orí sókè, kí ó wá béèrè pé owó orí tí òun san, kí ni wọ́n fi ṣe? Ẹni tí ó bá ti kọ́ láti béèrè irú ìbéèrè yẹn kì í gbàgbé rẹ̀ mọ́, ẹnikẹ́ni tí ìbáà wà lórí àga.