Fọ́ọ̀mù Kì í Ṣe Adájọ́: Lórí Ìwé Ìbéèrè Ìwà Nílé-Ìwé Wa

Àwọn ìwé ìbéèrè tí à ń fún ọmọ láti fi mọ ìwà rẹ̀ àti èrò rẹ̀ nípa ara rẹ̀ wúlò gan-an fún kánsẹ́lọ̀ tó bá fẹ́ kí ọmọ lanu sọ̀rọ̀. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ wa ló ń fi wọ́n dájọ́.

Iṣẹ́ kánsẹ́lọ̀ kì í ṣe àjèjì lọ́dọ̀ wa. Láti 1959 ni àwọn sístà ìjọ Kátólíìkì ti ń gba àwọn ọmọbìnrin tó fẹ́ jáde ní St. Theresa's College, Òkè-Àdó, Ìbàdàn, nímọ̀ràn lórí iṣẹ́ tó bá wọn mu. Ní 1977, iṣẹ́ náà wọ ìlànà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè. Ọdún yẹn náà ni C.G.M. Bakare gbé àwọn ìwé ìbéèrè tirẹ̀ jáde n'Íbàdàn, lórí ìṣòro akẹ́kọ̀ọ́ àti bí wọ́n ṣe ń kàwé.

Àmọ́ òkè òkun la ti gbé púpọ̀ nínú èyí tó jẹ mọ́ èrò ọmọ nípa ara rẹ̀. Ti Morris Rosenberg, tó jáde ní 1965, kò ju gbólóhùn 10 lọ. Àwọn ọmọ ilé-ìwé girama ní ìpínlẹ̀ New York, tí wọ́n lé ní 5,000, ló fi ṣe é. Ti Piers àti Harris, ní 1969, jẹ́ gbólóhùn 80, "bẹ́ẹ̀ ni" tàbí "bẹ́ẹ̀ kọ́" sì ni ìdáhùn.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbẹ̀. Ẹ wo ọmọbìnrin ọdún 14 kan tí wọ́n ní kó sọ bóyá òun gbọ́n, bóyá òun rẹwà. Bó bá sọ bẹ́ẹ̀ nílé, ìyá rẹ̀ á ní, "Ta ló sọ fún ẹ?" Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ tí a tọ́ báyìí á fa igi sábẹ́ "bẹ́ẹ̀ kọ́", máàkì rẹ̀ á já wálẹ̀, a ó sì kọ ọ́ síwájú orúkọ rẹ̀ pé kò ka ara rẹ̀ sí. Ẹ̀kọ́ ilé la wá sọ di àìsàn yẹn o! Ẹlòmíì wà tí ayé ti sú, ṣùgbọ́n tó fẹ́ kí inú tíṣà dùn, "bẹ́ẹ̀ ni" lá máa fà láti òkè délẹ̀.

Ìdí nìyí tí mi ò fi í kọ́kọ́ wo àròpọ̀ máàkì. Ìdáhùn tó ta ko ara wọn ni mò ń wá. Ọmọ tó ní inú òun ń dùn nílé-ìwé, tó tún ní òun ò lọ́rẹ̀ẹ́, màá bi í pé, "Ìwọ àti ta lẹ jọ ń jẹun nígbà ìsinmi?" Mo lè rí nínú èsì yẹn ohun tí gbólóhùn 80 kò sọ.

Ní ti àwọn ìwé ìbéèrè tó ń pín ọmọ sí onítìjú àti ọlọ́yàyà, ká má fi wọ́n yan kíláàsì SS1 fún ẹnikẹ́ni. Onítìjú òní lè di lọ́yà.

Bí fọ́ọ̀mù tilẹ̀ dára, kánsẹ́lọ̀ tó tún ń kọ́ni ní ìṣirò, tó ń na ọmọ láàárọ̀, kò lè rí òtítọ́ gbà lọ́sàn-án. Kí ọ̀gá ilé-ìwé kọ́kọ́ gba pàṣán lọ́wọ́ rẹ̀, kó fún un ní yàrá tó ní ìlẹ̀kùn, àti kọ́bọ́ọ̀dù tí yóò máa kó ìdáhùn àwọn ọmọ sí, tí tíṣà kíláàsì ò ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.