Ààlà Tó Fi Sílẹ̀: Orlando Julius àti Àwo Orin Tó Gbé E Padà

   

Nígbà tí wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ ní Lálúpọn, orin ni wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lé. Orin pọ̀. Ọkùnrin kan ṣoṣo ni mo fẹ́ fi bá yín lò, torí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i kò ṣàjèjì sí àgbẹ̀ kankan níbí. Bí ilẹ̀ bá ti ṣá, a máa ń fi í sílẹ̀. Igbó á gbà á, ọdún á gorí ọdún. Ọjọ́ tí olóko bá padà dé, kí ni yóò kọ́kọ́ wá? Pẹ̀rẹ̀gún ni. Yóò wá pẹ̀rẹ̀gún tí bàbá rẹ̀ gbìn sí ààlà. Bí ó bá rí i, oko rẹ̀ ni. Bí wọ́n bá ti hú u, ẹjọ́ ni.

Orlando Julius Ekemode ni ọkùnrin tí mò ń wí. Àrẹ̀mú ni oríkì rẹ̀. Ìkọ̀lé-Èkìtì ni wọ́n bí i sí ní 1943, àmọ́ Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá. Ó lu ìlù ní ilé-ìwé, ibẹ̀ náà ló ti fọn fèrè. Lẹ́yìn tí bàbá rẹ̀ kú, ó gba Ìbàdàn wá, ọmọdékùnrin lásán. Ibi tí wọ́n ti ń ṣe búrẹ́dì ló ti ríṣẹ́. Bí ilẹ̀ bá ṣú, á lọ bá àwọn onílù.

Ẹ rántí bí Ìbàdàn ṣe rí nígbà yẹn. Ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 1959. Àwọn ilé ijó pọ̀, Eddy Okonta sì ń fọn kàkàkí òyìnbó rẹ̀ ní Paradise Club. Ọ̀dọ̀ Okonta ni ọmọ yìí ti kọ́ṣẹ́, kó tó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, Modern Aces, tí wọ́n ń ṣeré ní Independence Hotel ní Òkè-Bọ́lá. Ní 1965, ó gbé "Jagua Nana" jáde, orúkọ kan náà pẹ̀lú ìwé ìtàn àròsọ tí Cyprian Ekwensi kọ ní 1961. Ní 1966, ilé iṣẹ́ Philips gbé odidi àwo orin rẹ̀ jáde, wọ́n pè é ní Super Afro Soul. Kò tíì pé ọdún mẹ́tàlélógún.

Kí ni sóòlù? Àwọn ọmọ ilé-ìwé lè rò pé ohun òyìnbó ni. Àwọn èèyàn dúdú Amẹ́ríkà ló ni ín. Wọ́n gbé ohùn tí wọ́n fi ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n fi kọrin ìfẹ́ àti orin ìbànújẹ́. Ẹnì kan á lé, àwọn yòókù á gbè. Ẹni tó ń lé orin lè pariwo, ó lè bú sẹ́kún, ó lè dákẹ́ kí ìlù nìkan máa sọ̀rọ̀. Ìyàtọ̀ wo ló wà nínú ìyẹn àti ohun tí ẹ ń ṣe níbi ìnáwó? Orlando Julius gbọ́ ọ, ó sì mọ̀ pé ará ilé òun ni. Ó kọ "My Girl" ti àwọn Temptations sínú àwo náà, àmọ́ ó tún kọ "Ijo Soul". Ó da hailáìfù pọ̀ mọ́ ọn, ó fi Yorùbá kọ ọ́. Fela ṣì ń wá ọ̀nà ara rẹ̀ nígbà yẹn. Mo ń sọ eléyìí kí ẹ mọ ipò tí ọkùnrin yìí wà, kì í ṣe láti fi í du Fela.

Báwo ni orin ilé ìtura ìgboro ṣe dé abúlé? Asọ̀rọ̀-má-gbèsì ló gbé e wá, owó kòkó ló sì ra ẹ̀rọ. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní abúlé kan lẹ́yìn Ẹ̀rúnmu ní ẹ̀rọ àwo orin tó ń fi bátìrì ṣiṣẹ́. Bí bátìrì bá ti ń rẹ̀ ẹ́, ohùn olórin á bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo, á máa fà bí ẹni tí oorun ń kùn. Bàbá á yọ àwọn bátìrì náà jáde, á sá wọn sóòrùn lórí ẹní, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kòkó tí à ń sá. Èmi ni mò ń ṣọ́ ẹní náà kí adìẹ má gorí rẹ̀. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, á gbá eruku kúrò lára wọn, á tò wọ́n padà, orin á dìde. Fún orin méjì, ó pẹ́ tán mẹ́ta. Gbogbo agbolé á ti péjọ.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí n sọ ọ́ bíi pé ìgbà yẹn dùn látòkèdélẹ̀. Ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀ ní 1967, ọ̀pọ̀ àwọn olórin hailáìfù tó jẹ́ ará Ìlà-Oòrùn sì ti padà sílé wọn. Nígbà tó fi di ìparí 1968, àwọn àgbẹ̀ láti Akànràn, láti Ẹ̀gbẹ́dá, láti apá ibí yìí gan-an, ti dìde lórí owó orí. Ẹ̀yin ni ọmọ Àgbẹ́kọ̀yà, ẹ mọ ìtàn náà jù mí lọ. Wọ́n kọjú ìjà sí ìjọba títí owó orí fi wálẹ̀ sí pọ́n-ùn méjì. Ní ọdún yẹn, ẹ̀gbọ́n bàbá mi kò sá bátìrì kankan sóòrùn.

Ní 1974, Orlando Julius ré kọjá sí Amẹ́ríkà. Ó bá Hugh Masekela, olórin ọmọ Gúúsù Áfíríkà, ṣiṣẹ́. Ibẹ̀ náà ló ti pàdé Lamont Dozier, ọ̀kan nínú àwọn tó kọ ọ̀pọ̀ orin ilé iṣẹ́ Motown. Ní 1977, Dozier gbé orin kan jáde tí wọ́n ń pè ní "Going Back to My Roots". Ẹgbẹ́ Odyssey tún un kọ ní 1981, ó sì gbayé kan. Ohun tí orúkọ orin náà túmọ̀ sí ni pé mò ń padà lọ síbi tí gbòǹgbò mi wà. Orlando Julius sọ ọ́ títí tó fi darúgbó pé òun lọ́wọ́ nínú kíkọ orin náà. Orúkọ Dozier ló wà lára àwo. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ pẹ̀rẹ̀gún ṣe rí! Ọmọ Yorùbá kan ní òun bá wọn kọ orin ìpadàbọ̀ sórísun, ẹni tó bá yí àwo náà síwájú sẹ́yìn kò ní rí orúkọ rẹ̀.

Láti ìgbà yẹn, ó ń lọ, ó ń bọ̀: Amẹ́ríkà, Nàìjíríà, Gánà. Ó ń gbé orin jáde lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó ń kọ̀wé nípa orin máa ń sọ pé ó sinmi fún ìgbà pípẹ́. Èmi ò fara mọ́ ọn. Àgbẹ̀ tó fi ilẹ̀ kan sílẹ̀ kò jókòó sílé, ó wà lóko mìíràn. Etí wa ló sinmi. Ilé iṣẹ́ rédíò kò fi orin rẹ̀ sí i mọ́, àwọn ọmọ tí a bí lẹ́yìn 1980 kò mọ̀ ọ́n, ìgbà tí wọ́n bá sì gbọ́ orúkọ Orlando, Orlando Owoh ni wọ́n ń rò.

Nígbà tó wá di 2014, tí Àrẹ̀mú ti lé ní àádọ́rin ọdún, àwo orin Jaiyede Afro jáde. Ilé iṣẹ́ Strut ló gbé e jáde. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti gbà á sílẹ̀, pẹ̀lú ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní The Heliocentrics. Malcolm Catto ń lùlù, Jake Ferguson di gìtá olóhùn ìsàlẹ̀ mú. Ẹgbẹ́ yìí ti bá Mulatu Astatke, àgbà olórin Etiópíà, ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní 2009. Kì í ṣe orin tuntun nìkan ló wà nínú rẹ̀. "Omo Oba Blues" ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ìgbà Òkè-Bọ́lá. "Buje Buje" náà ti pẹ́. Ó padà sínú oko tirẹ̀, ó sì rí pẹ̀rẹ̀gún.

Mo fẹ́ sọ bí àwo náà ṣe dún, àmọ́ ẹnì kan ti sọ ọ́ ju bí mo ṣe lè sọ ọ́ lọ. Mo gbé fóònù mi lọ sí Ẹ̀rúnmu, sọ́dọ̀ ìyá kan tó máa ń jó nínú agbolé wa láyé ìgbà bátìrì. Mo bá a tó ń bó pákí, ọmọ-ọmọ rẹ̀ méjì jókòó tì í. Mo ní, "Ìyá, ẹ kú iṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbọ́ nǹkan." Mo kọ́kọ́ fi orin 1966 sí i. Ó rẹ́rìn-ín, ó ń mi orí, ọ̀bẹ kò dúró. Mo wá fi ti 2014 sí i. Ìlù wọlé, ó nípọn, kò kánjú. Fèrè tẹ̀lé e. Nígbà tí ohùn olórin dé, ìyá gbé ọ̀bẹ sílẹ̀ sínú agbada.

Ó ní, "Ẹni kan náà ni?"

Mo ní, "Ẹni kan náà ni, mà."

Ó tún gbọ́ ọ fúngbà díẹ̀. Ó ní, "Ti àkọ́kọ́ yẹn, ó ń sáré. Eléyìí mọ ibi tó ń lọ." Ó wá béèrè pé, "Àwọn wo ló ń lùlù fún un?" Mo ní àwọn òyìnbó ni, ní Lọ́ńdọ̀nù. Mo rò pé yóò yínmú sí i. Ó dákẹ́, ó ní, "Ọmọ mi, wọ́n gbọ́ ọ."

Ìyá tọ́, mi ò sì ní bá a jiyàn. Síbẹ̀, nǹkan kan ń dùn mí níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ jáde. Orchestre Poly-Rythmo ti Kútọnu, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1968, gbé Cotonou Club jáde ní 2011 lẹ́yìn ohun tó lé ní ogún ọdún. Strut náà ni. Ebo Taylor ti Gánà gbé Love and Death jáde ní 2010. Strut náà ni. Gbogbo àwọn àgbà wọ̀nyí, ẹnu ọ̀nà òyìnbó ni wọ́n gbà wọlé padà sí etí ayé. Ti D'Angelo, ọmọ Amẹ́ríkà tó dákẹ́ fún bí ọdún mẹ́rìnlá kó tó gbé Black Messiah jáde ní ọdún 2014 kan náà, ilé rẹ̀ ló ti padà dé, àwọn ará ilé rẹ̀ ló sì kọ́kọ́ pariwo. Nínú tiwa, mo rí Fatai Rolling Dollar, tí Ebenezer Obey ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀ nígbà èwe. Ọjọ́ ogbó rẹ̀ ni "Won Kere Si Number" mú un padà, Èkó ló ti ṣẹlẹ̀, àwọn ọmọ kéékèèké sì ń jó o títí ó fi kú ní 2013. Nítorí náà, ó ṣeé ṣe nílé.

Kí ló dé tí kò fi ṣẹlẹ̀ ní Ìbàdàn? Ìdáhùn tí mo ní kò gùn. Àwọn ará òkè òkun ní àwo. Wọ́n wá a, wọ́n rà á, wọ́n nù ún, wọ́n tò ó sínú àpótí. Kí wọ́n tó tún Super Afro Soul tẹ̀ jáde, àfi kí ẹnì kan ti tọ́jú ọ̀kan tí kò ya. Lọ́dọ̀ wa ńkọ́? Nígbà tí mo padà sí ilé ẹ̀gbọ́n bàbá mi lẹ́yìn tó kú, mo wá àwọn àwo rẹ̀ ká àjà, mo wá wọn ká abẹ́ ibùsùn. Ọ̀kan ṣoṣo ni mo rí. Wọ́n fi bo ìkòkò omi ní ẹ̀yìnkùlé. Omi ti bo orúkọ àárín rẹ̀, mi ò lè kà á. Mi ò bá ẹnikẹ́ni wí. Ìkòkò gbọ́dọ̀ ní ọmọrí, àwo orin sì rí róbótó. Ta ló sọ fún wọn pé pẹ̀rẹ̀gún ni?

Àwọn olórin tí ẹ̀yin náà bí wà níbẹ̀. Dáúdà Epo Àkàrà, olórin awúrẹbẹ ọmọ Ìbàdàn, kú ní 2005. Ẹ ò rí odidi ilé-ìkàwé kan ní àwọn ìjọba ìbílẹ̀ wa tí mo lè rán ọmọ ilé-ìwé lọ pé kó lọ gbọ́ iṣẹ́ rẹ̀ látòkèdélẹ̀. Àwọn obìnrin tó ń kọrin ìyàwó, àwọn tó ń sun rárà ní Ìjàyè àti Ìròkò, àwọn wo ló ti gba ohùn wọn sílẹ̀? Orlando Julius rí ẹni bá a padà nítorí pé nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méjìlélógún, ilé iṣẹ́ kan ti tẹ ohùn rẹ̀ sórí ike. Ẹni tí kò ní ike kankan, ibo ni yóò padà sí?

Orlando Julius kú ní oṣù Kẹrin, 2022. Ó kọrin títí di ọjọ́ ogbó, ó sì ti gbọ́ tí wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀ ní gbàgede Yúróòpù kó tó lọ. Mo dúpẹ́ fún ìyẹn. Mi ò mọ iye ìgbà tí wọ́n pè é ní gbàgede tiwa.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo gbé ẹ̀rọ kan wá. Ó wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ọ̀dọ́kùnrin kan jókòó tì í. Ó lè gbọ́ àwo ńlá, ó lè gbọ́ àwo kékeré, ó sì lè gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì. Àwọn kan nínú yín ti gbé tiwọn wá, mo rí i nínú àpò ìyá tó jókòó ní ìlà kejì, tó fi ìró àǹkárá wé e. A ò ní gbà á lọ́wọ́ yín. A óò gba ohùn inú rẹ̀ sílẹ̀, a óò kọ orúkọ olórin àti orúkọ ẹni tó tọ́jú rẹ̀, ẹ ó sì gbé e lọlé. Ẹni tí kò ní àwo ṣùgbọ́n tí orin wà lẹ́nu rẹ̀, kó jọ̀ọ́ dúró dè mí. Mi ò ní lọ títí ilẹ̀ á fi ṣú.