Ẹ̀jẹ̀ Jọ Ẹ̀jẹ̀: Ọ̀rọ̀ Lórí Alùpùpù Àtijọ́ Tí A Ń Jí Dìde
Ọ̀rọ̀ tí a bá ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé wa ní Deer Park

Nígbà tí akọ̀wé kéde pé nọ́ọ̀sì ni yóò sọ̀rọ̀ lónìí, a mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín ti múra sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà. Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ alùpùpù la gbé wá. Kí ẹnikẹ́ni tó bèèrè pé kí ló kan nọ́ọ̀sì nínú rẹ̀, kí ó kọ́kọ́ ka iye gáréèjì tí alùpùpù àtijọ́ wà láàárín wa.

Irú èyí tó ń rin ojú títì tó sì tún ń wọ inú igbó ni à ń wí: Honda XL, Suzuki DR, Kawasaki KLR. Wọ́n ti sùn sí gáréèjì ẹlòmíràn fún ọdún mẹ́wàá, ogún ọdún. Àwọn ọ̀dọ́ wa ń rà wọ́n ní owó pọ́ọ́kú, bàbá àti ọmọ á sì jọ jókòó tì í ní òpin ọ̀sẹ̀. Ohun tó dára ni. Ó ń gba ọmọ lọ́wọ́ fóònù, ó sì ń jẹ́ kí bàbá àti ọmọ rí ọ̀rọ̀ bá ara wọn sọ. A kò wá láti dá yín lẹ́kun. A wá kí ẹ lè gùn ún kí ẹ sì padà wálé ni.

Ilé tiwa gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ wa ọkùnrin ra Honda XL250S ti ọdún 1979. Bàbá rẹ̀ fọ kábúrétọ̀, ó pààrọ̀ ọ́ìlì àti plọ́ọ̀gì. Ọmọ fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹrin, ẹ́ńjìnnì dáhùn. Àwa náà pàtẹ́wọ́, a tilẹ̀ ya fọ́tò. Táyà iwájú dúdú, eyín rẹ̀ ga, a ní ó dára. Ní ọjọ́ Sátidé kejì, ní Center Street níhìn-ín, táyà náà bẹ́. Ọmọ ṣubú, eegun èjìká rẹ̀ ṣẹ́. Akoto tó dé sórí ni kò jẹ́ kí ó jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn la wá sọ lónìí.

Ìgbà tí a ti ilé ìwòsàn dé la tó tẹ̀ ba, tí a wo ara táyà náà. Ní ìparí àkọlé tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú DOT, nọ́ńbà kan wà tó ń sọ ọjọ́ orí táyà. Láti ọdún 2000 wá, mẹ́rin ni: méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì ìkẹyìn ni ọdún. 2315 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2015. Bí ẹ bá rí mẹ́ta péré, ẹ mọ̀ pé wọ́n ti ṣe táyà náà kí ọdún 2000 tó dé. Mẹ́ta ló wà lára tiwa. Táyà náà dàgbà ju ọmọ tó gùn ún lọ.

Kí ló dé tí ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ kò pààrọ̀ rẹ̀? Nígbà tí a wá òmíràn la mọ̀dí. Rímù iwájú XL250S àti XL500S ìgbà náà, títí dé 1981, jẹ́ ínṣì 23. Ní 1982, nígbà tí XL250R jáde, Honda padà sí ínṣì 21 tí ọ̀pọ̀ alùpùpù irú rẹ̀ ń lò. Táyà 21 kún ọjà. Ti 23 ṣọ̀wọ́n bí ojú. Honda ni méjèèjì, 250 ni méjèèjì, síbẹ̀ táyà ọ̀kan kò wọ èkejì.

Ibí yìí gan-an ni iṣẹ́ wa ti wọ̀ ọ́. Kí a tó fa ẹ̀jẹ̀ sí aláìsàn lára, ènìyàn méjì ló máa ń dúró ti ibùsùn. Ọ̀kan á ka orúkọ, ọjọ́ ìbí, nọ́ńbà àti irú ẹ̀jẹ̀. Èkejì á máa wò ó bóyá ó bára mu. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ́ wa ní Ìlú Ọba, bẹ́ẹ̀ náà la ń ṣe é ní Texas. Ìdí rẹ̀ ni pé pupa ni gbogbo ẹ̀jẹ̀. Ojú lásán kò lè mọ ti A yàtọ̀ sí ti B, bí a bá sì ṣì í, ènìyàn lè kú. Páàtì alùpùpù rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ jọ ẹ̀jẹ̀, wọn kì í ṣe ọ̀kan.

Ẹ wo Suzuki DR650. Èyí tí wọ́n ṣe ṣáájú 1996 àti DR650SE tó jáde ní 1996 ń jẹ́ orúkọ kan náà, ṣùgbọ́n wọ́n ti tún un ṣe látòkè délẹ̀, ọ̀pọ̀ páàtì wọn kò sì bára mu. Ẹ wo KLR650: ní 2008, Kawasaki yí fọ́ọ̀kì àti búrékì iwájú padà, nítorí náà ẹ má ra ti 2008 fún ti 2005. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, orúkọ yàtọ̀, ara sì jẹ́ ọ̀kan. KLX400 tí Kawasaki tà ní nǹkan bí ọdún 2003, DR-Z400 ti Suzuki ni lábẹ́ àwọ̀. Ẹni tó bá mọ èyí á rí páàtì níbi tí ẹlòmíràn ti sọ̀rètí nù.

Ẹ má fi ojú rà á. Ẹ fi nọ́ńbà rà á. Láti ọkọ̀ ọdún 1981 ni nọ́ńbà ara férémù ní Amẹ́ríkà ti di mẹ́tàdínlógún, èyí tó wà ní ipò kẹwàá ló sì ń sọ ọdún rẹ̀. Ẹ fi í wá nọ́ńbà páàtì nínú ìwé ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà, kí ẹ sì ní kí ẹlòmíràn kà á tẹ̀lé yín kí ẹ tó sanwó.

Ọ̀rọ̀ kejì ni ibi tí àárẹ̀ máa ń bá wọn. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Nínú ẹ́ńjìnnì KLR650 tí wọ́n ṣe láti 1987 dé 2007, irin kékeré kan wà tí sípíríǹgì ń fà, kí ṣéènì tó ń dín gbígbọ̀n ẹ́ńjìnnì kù má baà dẹ̀. Sípíríǹgì náà lè já, irin náà lè ṣẹ́, àfọ́kù rẹ̀ á sì máa káàkiri nínú ẹ́ńjìnnì. Àwọn tó ń gùn ún sọ ọ́ ní doohickey. Èyí tó lágbára jù ú wà lọ́jà. Ní ti DR650SE, skúrúù kékeré méjì ló di ohun tó ń tan iná tó ń fi hàn pé jíà wà ní fíríì mú. Wọ́n lè tú kí wọ́n bọ́ sáàárín jíà. Ẹ ṣí i wò kí ẹ tó jáde.

Àwọn tó kù kan gbogbo wọn. Epo tí à ń rà ní Houston ní ẹ́tánọ́ọ̀lù nínú, tó nǹkan bí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. Ó ń fa omi, ó sì ń ba rọ́bà àtijọ́ jẹ́. Òróró búrékì náà ń fa omi inú afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ tiwa níhìn-ín sì tutù bí aṣọ tí a kò sá. Ẹ dà á nù, kí ẹ rọ tuntun. Gílùù tó di awọ búrékì mọ́ irin rẹ̀ lè jẹ́wọ́ lẹ́yìn ogún ọdún, kí wíìlì sì há lójijì. Bí alùpùpù náà bá sì wà ní ìlú yìí nígbà ìkún omi Harvey ní oṣù kẹjọ ọdún 2017, ẹ bèèrè bóyá omi bò ó rí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tú u, ẹ gbọ́ ti nọ́ọ̀sì. Ẹ má fi ẹnu tàbí afẹ́fẹ́ pọ́ǹpù fẹ́ eruku búrékì àtijọ́; asbestos lè wà nínú rẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró kì í gbàgbé. Ẹ má tan ẹ́ńjìnnì nínú gáréèjì tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní títì. Èéfín rẹ̀ ń pa ènìyàn láìsí pé ó rí i. Ẹ má fi epo fọ ọwọ́.

Ọ̀rọ̀ ilé náà ni. Ní àwọn ọdún 1980, Barry Coleman àti Randy Mamola tó ń fi alùpùpù díje lọ sí Somalia. Wọ́n bá alùpùpù àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tí ó kú sílẹ̀ nítorí àìní ìtọ́jú kékeré. Láti ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ Riders for Health ti jáde, ó sì ṣiṣẹ́ dé Nàìjíríà. Nígbà tí ẹ bá ń ronú àtifi alùpùpù ránṣẹ́ sí ìlú yín, ẹ kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ mẹkáníìkì ibẹ̀ irú páàtì tó lè rí.

Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2025, ìjọba Texas kò béèrè àyẹ̀wò ààbò mọ́ fún ọkọ̀ tí kì í ṣe ti òwò. Ojú ẹni tó ni ọkọ̀ nìkan ló kù. Nítorí náà, àwa ìgbìmọ̀ ìlera ti pinnu: ní Sátidé àkọ́kọ́ oṣooṣù, lẹ́yìn ìpàdé, ẹ mú nọ́ńbà férémù, nọ́ńbà páàtì àti nọ́ńbà táyà wá. A kò mọ ẹ́ńjìnnì tú, ṣùgbọ́n a mọ nọ́ńbà kà. A ó dúró gẹ́gẹ́ bí ẹnì kejì ti ibùsùn.

A ò ní rìn ní ọjọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Àṣẹ.