ORIN INÚ SINIMÁ ÀTI ÌJÚBÀ ÀWỌN ỌLỌ́RIN

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú Ẹgbẹ́ ní Palmgrove)



Bí àwọn àyàn bá pàdé níbi ìnáwó, ọmọdé inú wọn kì í fi kọ̀ǹgọ́ kan ìlù kí ó tó júbà ọ̀gá. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí láàrín àwọn tí ń ṣe orin sí sinimá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjúbà tiwọn gba ọ̀nà mìíràn.

Ọ̀pọ̀ nínú wa mọ Fẹlá Ṣówándé (1905–1987) gẹ́gẹ́ bí atẹdùùrù. Díẹ̀ ni ó rántí pé nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ní Lọ́ńdọ̀nù, òun ni olùdámọ̀ràn nípa orin fún ẹ̀ka ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tí ń ya sinimá fún àwọn ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti wá orin tí yóò máa dún lábẹ́ àwòrán. Ta ni yóò fi orin ijó àwọn ọlọ́lá Lọ́ńdọ̀nù sí abẹ́ àwòrán àgbẹ̀ tí ń kọ ebè? Ó di dandan fún un láti padà sí orin ilẹ̀ wa.

Ní 1944 ni ó ṣe African Suite fún àwọn ohun èlò olókùn. Nínú ìpín márùn-ún tí ó ní, orí orin Ephraim Amu, ará Gold Coast tí ó di Ghana, ni ó gbé ìkíní àti ìkẹrin kà. Amu yìí, olùkọ́ bí tiwa, ni a yọ kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni ní Akropong ní 1933, nítorí pé ó wọ aṣọ ìbílẹ̀ wàásù. Àwọn kan lé e jáde; ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé orin rẹ̀ dé àárín Lọ́ńdọ̀nù. Lójú tiwa, kò sí oríkì tí ó ju èyí lọ.

Ọ̀gá Ṣówándé fúnra rẹ̀ ni T. K. E. Phillips (1884–1969), ẹni tí ó jókòó sídìí dùùrù Kàtídírà ní Marina láti 1914 títí di 1962, tí ó sì ṣe ìwé lórí orin Yorùbá ní 1953. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni pé ohùn orin gbọ́dọ̀ bá ohùn ọ̀rọ̀ rìn. Bí orin bá sọ̀kalẹ̀ níbi tí kò yẹ, ọkọ di ọkọ̀. Bí ó bá gòkè, ó di ọkọ́.

Hubert Ògúndé kò jókòó sídìí dùùrù Kàtídírà, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ mọ òfin yìí. Ní 1944 kan náà, nígbà tí ó ṣì jẹ́ ọlọ́pàá, ni ó ṣe eré Ọgbà Édẹ́nì fún ìjọ kan ní Ebute-Metta. Nígbà tí ó sì gbé Aiyé sí sinimá ní 1979, a kò mọ ẹni tí ó wò ó tí kò rántí orin inú rẹ̀.

Ní òde òní, ẹ̀rọ kékeré kan lórí tábìlì lè ṣe iṣẹ́ ogún akọrin. A kò bá ẹ̀rọ jà. Ṣùgbọ́n a ti wo sinimá kan tí opó ń sunkún ọkọ rẹ̀, tí orin sì mú kí ó dà bí ẹni pé ọkọ̀ rẹ̀ ni ó rì! Àwọn ọmọdé rẹ́rìn-ín. Inú wa bàjẹ́. Ẹni tí ó ṣe orin náà mọ ẹ̀rọ rẹ̀ dáadáa, àmọ́ ó dá nìkan wà nínú yàrá, kò ní ọ̀gá tí yóò dá a dúró, kò sì ní ẹlẹgbẹ́ tí yóò bi í léèrè. Orúkọ rẹ̀ pàápàá, níparí sinimá, a kọjá lọ kí ojú àgbà tó kà á.

Nítorí náà a bẹ Ẹgbẹ́ yìí pé kí ó pe àwọn tí ń ṣe orin sinimá, láti Bàrígà dé Ṣómólù, kí wọ́n wá jókòó ti àwọn àyàn àti àwọn atẹdùùrù, kí olúkúlùkù lu orin ọ̀gá tí ó wù ú jù, kí ó sì sọ ohun tí ó rí kọ́ níbẹ̀. Àwọn atẹ̀wé kún Ṣómólù. Kí a tẹ àwọn orin wọ̀nyí ní ìwé pẹ̀lú àmì ohùn, kí orúkọ ẹni tí ó ṣe é sì wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìṣirò owó rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ akọ̀wé.