Bí Rédíò Bá Dákẹ́, Kí Ni Ẹ̀rọ Yóò Ṣe?

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi àpèjọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, Ìpara-Rẹ́mọ

Wọ́n ní kí n wá sọ nínú ohun tí iṣẹ́ ìròyìn ti jẹ́ kí n rí. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òṣèlú ni ẹ ń retí. Ṣùgbọ́n ohun tí mo mú wá lónìí kò tóbi ju hóró ìrẹsì lọ: àwọn swíìṣì kéékèèké tó wà lára rédíò tí àwọn ilé-iṣẹ́ fi ń rán iṣẹ́ láti ibi ẹ̀rọ kan sí òmíràn. Modem onírédíò ni wọ́n ń pè é.

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tó wà nítòsí ṣàlàyé. Ibùdó epo ńlá kan wà ní Mosimi, lẹ́bàá Ṣàgámù níbí. Páìpù ni wọ́n rì láti Atlas Cove l'Ékòó wọ ibẹ̀, tó tún ti ibẹ̀ lọ sí Ìbàdàn títí dé Ìlọrin. Irú páìpù gígùn bẹ́ẹ̀, níbikíbi láyé, ẹlẹ́sẹ̀ nìkan kò lè ṣọ́ ọ tán. Wọ́n a máa gbé ẹ̀rọ sójú ọ̀nà, tí yóò máa wọn agbára tí epo fi ń ti ara páìpù. Modem yóò sọ nọ́ńbà náà di ìró rédíò, modem kejì ní ọ́fíìsì yóò gbà á, yóò sì tún un sọ di nọ́ńbà. Bí agbára yẹn bá ṣàdédé lọ sílẹ̀, ó ṣeé ṣe kí epo ti máa tú dànù níbì kan. A ò tíì gbàgbé Abúlé-Ẹ̀gbá, 26 December 2006. Àwọn olè dá páìpù lu, iná sọ, àwọn tó kú lé ní igba.

Ó dáa. Ẹ ṣí modem náà wò, ẹ sábà máa rí swíìṣì mẹ́jọ tí wọ́n tò lẹ́sẹẹsẹ. Ẹnu bírò lẹ lè fi tì wọ́n. Òkè ni tàbí ìsàlẹ̀, kò sí ibì kẹta. Ẹ̀yin tí bàbá bàbá yín ń dá Ifá ti mọ ibi tí mò ń lọ: ojú mẹ́jọ ni ọ̀pẹ̀lẹ̀ ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan á ṣí tàbí kó dé, odù tó lè jáde sì jẹ́ 256. Swíìṣì mẹ́jọ náà, 256 ni. Ẹ̀yin pásítọ̀ wa, ẹ má bínú, ìṣirò lásán ni.

Ìwé tó bá modem wá ló ń sọ iṣẹ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe, nítorí bí olúkúlùkù ilé-iṣẹ́ ṣe ń tò ó yàtọ̀. Àwọn kan wà fún bí ọ̀rọ̀ yóò ṣe yá tó, bóyá 1200 tàbí 9600, modem méjèèjì sì gbọ́dọ̀ bára mu, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ariwo lásán ni wọn ó gbọ́. Òmíràn wà fún irú wáyà: RS-232 kò fẹ́ kọjá bíi mítà 15, RS-485 lè dé 1200. Àwọn kan sì wà fún nọ́ńbà ibùdó. 1, 2, 4, 8 ni a ń kà wọ́n lọ. Bí ibùdó bá ń jẹ́ 13, ẹ ó ṣí èkíní, ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin, torí 1 àti 4 àti 8 ló di 13. Bí ibùdó méjì bá ń jẹ́ 13, àwọn méjèèjì ni yóò dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìgbà tí Káyọ̀dé méjì wà ní kíláàsì tí Tíṣà ń pe orúkọ. Bí ẹ bá sì ti yí swíìṣì tán, ẹ pa modem, kí ẹ tún un tàn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, ìgbà tí wọ́n bá ń jí nìkan ni wọ́n ń wo swíìṣì.

Bí ẹ bá ṣi àwọn wọ̀nyí tò, ẹ ó mọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, rédíò kò ní sọ̀rọ̀. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù ni ọ̀kan tó máa ń wà lára irú modem tó tún ń pàṣẹ fún ẹ̀rọ. Òun ló ń sọ pé bí ìpè láti ọ́fíìsì bá dákẹ́, ṣé kí ẹ̀rọ máa bá àṣẹ ìkẹyìn lọ ni, àbí kó dúró. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń gbé modem síbẹ̀, ibi yòówù kó kọjú sí, ohun gbogbo á máa lọ déédéé.

Mo rí i ní ilé-iṣẹ́ omi kan tí n kò ní dárúkọ. Tánkì wà lórí òkè, pọ́ǹpù wà létí odò. Àṣẹ tí pọ́ǹpù gbọ́ kẹ́yìn ni pé kó máa fa omi. Òjò oníjì dé lóru, ó wó òpó rédíò, ìpè dákẹ́. Pọ́ǹpù kò mọ̀, ó ń fa omi lọ ràì. Tánkì kún, ó ṣàn, ó sì ti gbá ebè iṣu ìyá àgbàlagbà kan lọ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọmọkùnrin tó ń tọ́jú ẹ̀rọ ṣí ìwé fún mi, ó fi ojú ibẹ̀ hàn mí: swíìṣì kan péré. Ó tì í, kò gbà á ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Iṣu ìyá yẹn, ọdún kan gbáko ni. Ẹ wá rò ó wò ká ní epo bẹtiróòlù ni pọ́ǹpù yẹn ń tì sínú páìpù tó ti bẹ́.

Ní ọ́fíìsì ńkọ́? Bí wọn ò bá tò ó dáadáa, nọ́ńbà tó wọlé kẹ́yìn ni yóò dúró lójú kọ̀ǹpútà. Ẹni tó jókòó síwájú rẹ̀ á máa mu tíì, á rò pé àlàáfíà ni.

Kì í ṣe pé dídúró ló dára nígbà gbogbo o. Pọ́ǹpù tí wọ́n fi ń pa iná kò gbọdọ̀ torí pé rédíò dákẹ́ kó dúró. Ẹni tó mọ ohun tí yóò bàjẹ́ ló yẹ kó pinnu, kì í ṣe ẹni tó mú ìwakọ̀ lọ́wọ́ nìkan.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nídìí omi, epo àti iná mànàmáná láàárín wa, ẹ bá mi ṣe nǹkan kan. Ẹ gbàṣẹ lọ́wọ́ ọ̀gá, ẹ pa modem ti ọ́fíìsì fún ìgbà díẹ̀, kí ẹnì kan dúró ti ẹ̀rọ lọ́hùn-ún kó wo ohun tí yóò ṣe. Lẹ́yìn náà ẹ ya ipò swíìṣì mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ sórí páálí, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ilẹ̀kùn àpótí, torí ẹni tó tò ó lónìí lè ti lọ sí Kánádà lọ́dún tó ń bọ̀.

Mo mú ọ̀kan nínú swíìṣì wọ̀nyí wá nínú àpò mi. Tíṣà físíìsì wa ni yóò kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, kó tó kárí. Ẹ rọra gbá a mú o, ó kéré.